Bàbá mi ní kí n kọ ìdí tí mo fi fẹ́ lọ sí Ifẹ̀ sórí ìwé, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Bàrígà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin bùrọ̀dá àti àǹtí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí àmọ́ mi ò dá sí i rí, ọ̀rọ̀ ló dé báyìí. SS3 ni mo wà, Architecture ni mo fẹ́ ṣe, fọ́ọ̀mù JAMB sì ti fẹ́ẹ́ jáde. OAU Ifẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe first choice. Bàbá mi (kápẹ́ńtà ni wọ́n, òrùlé ni wọ́n ń kàn) ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé Bàrígà la wà, UNILAG ló wà ní Àkọkà níbí yìí, ẹsẹ̀ ni mo lè fi rìn débẹ̀, kí ni mo wá ń wá lọ sí Ifẹ̀. Mo sunkún títí, màámi bá wọn sọ ọ́, ni wọ́n bá ní ó dáa, kí n jókòó kí n kọ ọ́ sórí ìwé, ojú ewé kan péré, ìdí tí mo fi fẹ́ Ifẹ̀ tí mi ò fẹ́ Àkọkà, tó bá wọ̀ wọ́n létí àwọn á rò ó wò. Ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ti kọ ni pé Ifẹ̀ ló ní campus tó rẹwà jù ní Áfíríkà, pé Wọlé Ṣóyínká kọ́ni níbẹ̀, pé àwọn lẹ́kíṣọ̀ wọn dáńtọ́, pé ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ ní Part 2 (ọdún kejì), àti pé mo fẹ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá gbé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi kún un.

Tísà_Físíìsì
Ọmọ mi, mi ò ní fi kún un, ńṣe ni mo fẹ́ yọ nínú ẹ̀. Mú ìwé yẹn, gbogbo ibi tó o bá kọ Ifẹ̀ sí, pa á rẹ́, kọ Àkọkà síbẹ̀. "Àwọn lẹ́kíṣọ̀ Àkọkà dáńtọ́." Ṣé irọ́ ni? "Mo fẹ́ lọ dá gbé ní Àkọkà." Họ́sítẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ náà. Gbólóhùn tó bá ṣì dúró gbọn-in lẹ́yìn tó o ti pààrọ̀ orúkọ, jù ú nù, kì í ṣe ìdí. Ti Ṣóyínká yẹn, lóòótọ́ Ifẹ̀ ló wà títí di 1985, ọdún kejì ló gba Nobel, àmọ́ eré orí ìtàgé ló ń kọ́ wọn, kò kọ́ ẹnì kankan bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Bàbá ẹ á kàn bi ẹ́ pé ṣé Ṣóyínká ṣì wà níbẹ̀ ni.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀gbẹ́dá
Èmi ò rí ohun tí bàbá ẹ sọ tí kò dáa o. Èmi náà ní ọmọbìnrin tó ń dàgbà. Ifẹ̀ tí à ń gbọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge, ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ni, lẹ́yìn ìyẹn la tún gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ inú ọgbà lóru lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ńkọ́? Ṣé ààwẹ̀ ni màmá ẹ á máa gbà ní gbogbo ìgbà tó o bá wà lójú ọ̀nà? Tí ibà bá dá ẹ wó ní Àkọkà, kó o tó ka ení èjì màmá ẹ ti gbé agbo dé.

Part4_Ifẹ̀
Great Ife! Ẹ̀yin màmá wa, ẹ má bínú o, ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tẹ́ ẹ ń sọ yẹn ti rọlẹ̀ láti bí ọdún 2000, wọn ò tíì bí èmi gan-an nígbà yẹn. Ti ẹgbẹ́ òkùnkùn, òótọ́ lẹ sọ, 10 July 1999 ni, Awo Hall ni wọ́n wọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kú, akọ̀wé àgbà union, ìyẹn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, sì wà lára wọn. A ò gbàgbé. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn fi dà bí èèwọ̀ lẹ́nu ọmọ Ifẹ̀ títí dòní.

Ìwọ Ọmọ_Bàrígà, má kọ ọ̀rọ̀ ẹwà yẹn o, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, bàbá ẹ á ní ṣé ẹwà lo máa jẹ ni àbí ẹ̀wà. Àmọ́ bi ara ẹ, o ti débẹ̀ rí àbí fọ́tò lo rí?

Ayàwòrán_Súrùlérè
Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn bàbá díẹ̀ torí Àkọkà lèmi ti ṣe Architecture, B.Sc. ọdún mẹ́rin, M.Sc. ọdún méjì. Ṣó o mọ Kunlé Adéyẹmí, ẹni tó kọ́ ilé ìwé tó ń léfòó lórí omi ní Makoko? UNILAG ló ti kàwé kó tó lọ Princeton. Ilé ìwé yẹn wó nínú òjò ní 2016, òótọ́ ni, àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Silver Lion níbi ìpàtẹ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice nítorí irú ẹ̀ míì tó gbé lọ síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ń rọ́ wò ó. Ìwọ ọmọ Bàrígà tó jẹ́ pé tó o bá gun Third Mainland Bridge, Makoko ń wò ẹ́ lójú, kí ni wọ́n fẹ́ fi hàn ẹ́ ní Ifẹ̀ tó ju ìyẹn lọ? Wọ ọkọ̀ lọ sí Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó o lọ wo ilé tí àwọn tó ti Brazil padà wálé kọ́, wo ojú fèrèsé wọn, wo bí wọ́n ṣe fi sìmẹ́ǹtì gbẹ́ òdòdó sára ògiri. Water House ti ìdílé da Rocha wà ní Kakawa níbẹ̀. Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú ni wọ́n ti wó palẹ̀ ní tiẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ láti 1855, títí di ìsinsìnyí tí mo bá kọjá níbẹ̀ mi ò kì í wo ọ̀gangan ibẹ̀. Èkó fúnra ẹ̀ ni sítúdíò jàre. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé bàbá ẹ ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, má lọ bá wọn bí ẹni pé wọn ò lọ́gbọ́n lórí.

Bàbá_Ọlọ́mọ_Mẹ́rin
Èmi bàbá ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Tí bàbá bá bi ọmọ pé "kí nìdí", ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ìdí kọ́ ló ń béèrè. Mo ṣe é fún àkọ́bí mi náà, Ìlọrin ló ní òun fẹ́ lọ. Mo ní kó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé, mo ní kò tíì yé mi, bẹ́ẹ̀ ó ti yé mi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé níbo ni mo ti máa rówó ilé, owó mọ́tò, owó oúnjẹ, tó bá sì ṣubú lulẹ̀ lóru ta ni mo máa pè. Mi ò sì lè la ẹnu bàbá mi sọ pé ẹ̀rù owó ń bà mí. Torí náà fi ìdajì ojú ewé yẹn sílẹ̀ fún owó àti ibùgbé, má dúró kí wọ́n bi ẹ́. Kọ ẹni tó o mọ̀ ní Ifẹ̀, kọ iye tó o rò pé wàá máa ná lóṣù, kọ pé wàá béèrè owó NELFUND, ìyẹn ẹ̀yáwó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún tààrà, owó ìjẹun tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ sì jẹ́ 20,000 náírà lóṣù. Ẹ̀yáwó ni o, kì í ṣe sàráà, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má bàa rò pé o ò mọ̀ pé gbèsè ni.

Ọmọ_Bàrígà
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, gbogbo ẹ̀ ló wọ Àkọkà bí ẹni pé Àkọkà ni wọ́n dá a fún, mo ti fa ìwé yẹn ya. @Part4_Ifẹ̀ mo ti débẹ̀ rí o. Excursion la bá lọ nígbà tí mo wà ní SS2, a wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn nínú ìlú, a tún lọ sí Natural History Museum tó wà nínú ọgbà. Nígbà tí a jáde ni òjò dé, òjò ńlá, la bá sá wọ abẹ́ ilé kan tí tísà wa ní àwọn tó ń kọ́ èdè àti ìtàn ló ń lò ó. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò. Èmi ṣáà ń wo ilẹ̀. Kò sí ògiri nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn, òpó lásán ni, atẹ́gùn ń gba àárín wa kọjá, òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da omi nù, síbẹ̀ ibi tí a dúró sí gbẹ fúrúfúrú. Mo fi bàtà mi wọ̀n ọ́n láti ibi tí omi ti ń kán dé ìdí òpó, bàtà mọ́kànlá. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo tó rí i pé ńṣe ni ilé yẹn ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì yọ síta ju àkọ́kọ́ lọ, ìkẹta tún yọ ju ìkejì lọ, bí ìgbà tí wọ́n bá to àtẹ lé ara wọn tí kékeré wà nísàlẹ̀ tí ńlá wà lókè, tó jẹ́ pé èyí tó wà lókè ló ń ṣe agbòjò fún èyí tó wà nísàlẹ̀.

Nílé wa, tí òjò bá ti ṣú báyìí, gbogbo wa la máa sáré ti fèrèsé, tá a bá tì í ooru á fẹ́ẹ̀ pa wá, tá a bá ṣí i bẹ́ẹ̀dì á tutù. Abọ́ mẹ́ta la máa ń gbé kalẹ̀, ọ̀kan ní pálọ̀ méjì ní yàrá, bàbá mi tó ń kan òrùlé fún gbogbo ayé, tiwa ń jò torí ilé onílé ni, lanlọ́ọ̀dù ò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo ń rò ó lọ́jọ́ yẹn pé ta ló mọ eléyìí, ibo ló ti kọ́ ọ, kí ló dé tí wọn ò kọ́ tiwa bẹ́ẹ̀. Mo yà á sẹ́yìn ìwé Civic mi. Mi ò rò pé ìyẹn jẹ́ ìdí o, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Tísà_Físíìsì
Háà! Ọmọ yìí jókòó lórí àpò owó, ó ń tọrọ bárà! Ó yá, fi Àkọkà rọ́pò Ifẹ̀ nínú èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán yìí ká wò ó. Kò lọ. Wá ìwé Civic yẹn jáde, ibi yòówù kó wà.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀gbẹ́dá
Abọ́ mẹ́ta yẹn pa mí lẹ́rìn-ín àmọ́ ó tún dùn mí. Mẹ́rin ni tèmi.

Ayàwòrán_Súrùlérè
Mo gbà, mo kógò wọlé. Jẹ́ kí n sọ ẹni tó ya ilé yẹn fún ẹ. Arieh Sharon lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ísírẹ́lì, ilé ìwé Bauhaus ní Jámánì ló ti kọ́ṣẹ́, òun àti Eldar ọmọ ẹ̀ ló jọ ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ayàwòrán ilé tiwa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, àwọn Egbor. Ìjọba Western Region ló gbéṣẹ́ fún wọn. Ìbàdàn ni yunifásítì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, 1967 ni wọ́n tó kó lọ sí Ifẹ̀ nígbà tí ilé tó o rí yẹn àtàwọn yòókù ti ń dìde. Ilé wọn ò dúró lórí ẹ̀rọ amúlétutù. Lápá ibi tiwa níbí, lọ́wọ́ ọ̀sán, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí, torí náà tí òkè bá yọ síta, òjìji ẹ̀ á bo ògiri ìsàlẹ̀, ògiri ò ní gbóná, ẹni tó wà nínú ilé á lè ṣí fèrèsé lójò lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n wá fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá. Ohun tó o fi bàtà wọ̀n yẹn, iṣẹ́ tí àwa ń ṣe jù nìyẹn.

Àmọ́ má jẹ́ kí ó gùn ẹ́ jù. Sharon ti kú láti 1984, ògiri kì í kọ́ni níṣẹ́. Ohun tí wàá kọ́ kù sọ́wọ́ àwọn tó wà ní department báyìí. Lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá Architecture nínú Environmental Design and Management ti OAU, ka orúkọ àwọn lẹ́kíṣọ̀, wo ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, bóyá wàá rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ooru àti atẹ́gùn nínú ilé jẹ lógún. Ṣe bákan náà fún Àkọkà, má ṣojúsàájú. Tó o bá rí ẹnì kan ní Ifẹ̀, kọ ohun tó ń ṣe sínú ìwé bàbá ẹ ní gbólóhùn kan, ó pọ̀ tó.

Òòjọ́_mi_ló_kọ́_mi
Mo fẹ́ fi tèmi kún un, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé. Orúkọ ló tàn mí lọ, mo gbọ́ pé wọ́n lókìkí, mo wọlé, ọdún kẹta la tó gbọ́ pé accreditation kọ́ọ̀sì wa, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, ti kú, ẹni tó jáde ò lè lọ NYSC àfi tí wọ́n bá tún un ṣe, a jókòó ọdún kan ààbọ̀ a ń dúró. Àbúrò, kó o tó kọ ohunkóhun, lọ wo NUC, àjọ tó ń fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yunifásítì, lọ wo ARCON, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ayàwòrán ilé ní Nàìjíríà, ARCON ló máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Wò ó fún Ifẹ̀, wò ó fún Àkọkà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, èmi ò ṣe é.

Part4_Ifẹ̀
Ọ̀rọ̀ ìdánwò wá kù o, torí ìwé tó dùn létí bàbá ò lè gbà ẹ́ wọlé. Ọdún tí èmi wọlé, JAMB kó 50, Post-UTME kó 40, O'level kó 10. Tó o bá gba 264 ní JAMB, pín in sí mẹ́jọ, 33 nìyẹn nínú 50, o rí i pé iṣẹ́ ṣì wà níwájú. Yálà Ifẹ̀ tàbí Àkọkà, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni méjèèjì, 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ló wà fún ẹni tí máàkì ẹ̀ ga jù, 35 fún catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí ilé ìwé náà, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ò tíì rinlẹ̀. Èkó wà nínú catchment Ifẹ̀, ìyẹn dáa fún ẹ. Físíìsì àti Mátíìsì, má fi wọ́n ṣeré, wo brochure JAMB fún subject kẹrin.

Tí bàbá ẹ bá wá sọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ASUU, sọ fún wọn pé ti 2022 yẹn, 14 February sí 14 October, oṣù mẹ́jọ gbáko, ó kan Àkọkà ó kan Ifẹ̀, kò sí èyí tó yẹ̀ ẹ́. Owó tí wọn ò tíì mọ̀ sí ni ti sítúdíò. Páálí mọ́dẹ́ẹ̀lì, gúlúù, títẹ ìwé ńláńlá, laptop tó lè gbé AutoCAD tí wọ́n fi ń ya ilé, àìsùn ọjọ́ tí jury bá ku ọ̀la, ìyẹn ọjọ́ tá a máa gbé iṣẹ́ wa síwájú àwọn lẹ́kíṣọ̀. Kọ ìyẹn náà, má fi pamọ́, bó o bá dé Àkọkà iye tó o máa ná lórí páálí nìyẹn.

Bàbá_Ọlọ́mọ_Mẹ́rin
Tí JAMB ò bá wá gbè é ńkọ́? Fi ìlà kan sí i fún ìyẹn. Poly Ìbàdàn ní Architecture, ó lè gba ND níbẹ̀ kó fi Direct Entry wọlé. Bàbá máa ń fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ti ronú kan ibi tí nǹkan ò ti ní rí bó ṣe fẹ́.

Ọmọ_Bàrígà
Ẹ kú àdúró o, Sunday ti kọjá. Mo kọ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò yẹn, mo kọ orúkọ Sharon, mo wo NUC àti ARCON bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, mo fi owó sí i, mo fi Poly sí i. Mo tún kọ ọ́ pé tí Ifẹ̀ ò bá gbà mí màá lọ Àkọkà màá máa lọ wo ilé Pópó Àgùdà (ẹ ṣé Ayàwòrán_Súrùlérè, mo ti lọ ní Saturday, Water House yẹn!). Bàbá mi kà á, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ìwé Civic yẹn dà. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá fi ìka sí ibi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ti yọ síta, wọ́n ní "Kí ló gbé èyí dúró?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní "O ò mọ̀?" Mo ní ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, màámi náà rẹ́rìn-ín láti kíṣìnnì. Bàbá mi ní irọ́ ni, igi ò lè yọ tó báyìí kó má tẹ̀, mo ní kì í ṣe igi, kọnkéré ni, wọ́n ní kọnkéré gan-an. A wà lórí ẹ̀ títí NEPA fi mú iná.

Wọn ò tíì gbà o. Wọ́n kàn bi mí láàárọ̀ yìí pé ibo ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ifẹ̀.

Part4_Ifẹ̀
Ọ̀jọ́ta tàbí Berger, ẹ tètè jáde nílé. Ẹ má lọ lópin ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ lè bá àwọn èèyàn ní department. Tẹ́ ẹ bá dé Ìkirè ẹ ra dòdò Ìkirè, èyí tó dúdú tó láta dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti wọ gate, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ o, ọ̀nà tó wọnú ọgbà gùn, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé yín dé inú. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, rán bàbá létí kí wọ́n mú téèpù ìwọ̀n wọn dání.